Kí A Tó Di Ẹrù Sí I, Ẹ Jẹ́ Kí A Wo Abẹ́ Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti àwọn tí kò tíì san owó àjọ. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa wí pé kí ló kan Akọ̀wé pẹ̀lú ọkọ̀, ṣé ó ti di mẹkáníìkì ni? N ò di mẹkáníìkì o. Gàrí ni mo ń tà, ẹ mọ ìsọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń háyà ọkọ̀ lọ sí ọjà oko, ohun tí ojú mi sì ti rí lẹ́bàá títì kò kéré.

Ẹ wò ó, kò sí ẹni tó lè ta ọjà tí kò dáa fún wa bọ̀rọ̀. A ó tẹ iṣu wò, a ó bu gàrí sẹ́nu, a ó gbé epo pupa sún mọ́ imú, a ó tú apẹ̀rẹ̀ tòmátì dé ìsàlẹ̀ kí a tó náwó lé e. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó máa gbé àwa àti ẹrù wa, tó máa gbé owó tí a yá àti owó tí a kó nínú àjọ, "Èló ni dé ọ̀hún?" nìkan la máa ń bèèrè. Bí a bá ti ná an tán, ó di kí á máa sọ àpò sókè. Èmi ò rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Èrò mi ni pé kí ẹgbẹ́ wa fi í ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ di ẹrù sínú ọkọ̀ tí a kò tíì wo abẹ́ rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní abẹ́ ọkọ̀ ni pé ọkọ̀ kì í sábà dédé bàjẹ́. Ó máa ń sọ fún ni tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ ló sì máa ń sọ ọ́ sí. Ohun olómi tó wà nínú ọkọ̀ pọ̀ ju bí a ti rò lọ: ti ẹ́ńjìnnì wà, ti jíà wà, ti búrẹ́ẹ̀kì wà, ti sítíárì wà, omi rédíétọ̀ wà, omi bátìrì wà, bẹntiróòlù tàbí dísẹ́ẹ̀lì náà wà ńbẹ̀. Kálukú ló ní àwọ̀ tirẹ̀, kálukú ló ní òórùn tirẹ̀. Ẹni tó bá lè fi imú mọ epo pupa tó ti kan, tó lè fojú mọ ẹ̀wà tí kòkòrò ti wọ̀, kò sí ìdí tí kò fi ní lè mọ ìwọ̀nyí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ń pààyàn jù, ìyẹn búrẹ́ẹ̀kì. Ọ́ìlì búrẹ́ẹ̀kì kò dúdú, kò sì nípọn. Nígbà tó bá wà ní tuntun, ó máa ń mọ́ bí omi tíì tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ ewé sí. Tó bá ti pẹ́, á pọ́n, á dà bí oyin tàbí kó tún ṣú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ gan-an. Ibi tí ẹ ó ti rí i ni ẹ̀gbẹ́ táyà, ní apá ti inú tó kọjú sí abẹ́ ọkọ̀, tàbí lábẹ́ ibi tí dírẹ́bà ń tẹ̀ ní iwájú. Bí inú táyà kan bá tutù tó ń dán, tí mẹ́ta yòókù sì gbẹ, kí ẹ má gbà pé omi tí wọ́n fi fọ ọkọ̀ ni. Omi tí wọ́n fi fọ ọkọ̀ kì í mọ táyà kan ṣoṣo.

Àwọn mẹ́ta nínú wa ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún lọ́dún tó kọjá. Ata rodo ni wọ́n lọ rà ní apá Èkìtì. Ọ̀kan nínú wọn rí táyà ẹ̀yìn tó tutù, ó sì sọ ọ́ jáde. Dírẹ́bà ní ṣèbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọkọ̀ ni, àwọn yòókù náà sì ní kó má dá wọn dúró, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Aláayè sí Iléṣà, ẹ mọ bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ ṣe rí. Níbẹ̀ ni dírẹ́bà ti tẹ búrẹ́ẹ̀kì tó lọ kanlẹ̀ gbọngán, tí ọkọ̀ ò sì dúró. Òkìtì yanrìn kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló gbà wọ́n sílẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n ìyá tó rí táyà yẹn kán lápá, títí di ìsinsìnyí kò lè gbé àpò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà ní ìsọ̀ báyìí, ọmọ tó yẹ kó wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin náà mọ ìsọ̀ tí mò ń wí. Mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ o. Ọ́ìlì búrẹ́ẹ̀kì kì í gbẹ bí omi inú ìkòkò. Inú ibi tí wọ́n ti dé pa ló wà. Lóòótọ́, á lọ sílẹ̀ díẹ̀ bí pádì bá ṣe ń jẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójoojúmọ́. Bí ẹ bá rí dírẹ́bà tó ń gbé ìgò ọ́ìlì búrẹ́ẹ̀kì kiri níwájú ọkọ̀, tó ń dà á sí i láàárọ̀, tó tún ń dà á sí i lálẹ́, ọkọ̀ yẹn ń jò, ẹ má wulẹ̀ bá a jiyàn. Èyí tó tún burú jù ni ẹni tó bá da omi ọṣẹ tàbí ẹ́ńjìn ọ́ìlì sí ojú ọ́ìlì búrẹ́ẹ̀kì nítorí àìlówó. Ẹ́ńjìn ọ́ìlì á mú kí àwọn rọ́bà inú búrẹ́ẹ̀kì wú, wọ́n á bàjẹ́. Omi ní tirẹ̀ á hó nígbà tí búrẹ́ẹ̀kì bá gbóná lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ohun tó bá sì ti hó kò lè ti nǹkan mọ́. Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi dán an wò láì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ ní kí dírẹ́bà tan ẹ́ńjìnnì, kó tẹ búrẹ́ẹ̀kì, kó fi ẹsẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi ka ọgbọ̀n. Bí ó bá ń rì lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn.

Ó kan bẹntiróòlù. Èyí kò ṣòro, imú ló ń mọ̀ ọ́n. Ojú ilẹ̀ tó bá kán sí máa ń tètè gbẹ, bí ibẹ̀ bá sì tutù tẹ́lẹ̀, ẹ ó rí àwọ̀ bí òṣùmàrè lójú omi. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé òórùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn, afẹ́fẹ́ tó ń gbiná ni, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ. Kì í gòkè, ilẹ̀ ló máa ń rá lọ. Ẹ wá ronú nípa ọjà wa: alákàrà ń dáná níbí, ẹlẹ́ran sísun wà lọ́hùn-ún, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ìsọ̀. Ọkọ̀ tó ń jo bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ wọ àárín ọjà rárá, ká má tíì sọ ti ẹrù. Ẹ sì rántí pé gàrí, èlùbọ́ àti ìyẹ̀fun máa ń fa òórùn. Àpò gàrí tó bá sùn nínú ọkọ̀ tí bẹntiróòlù tàbí dísẹ́ẹ̀lì ti kán sí ilẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé tà fún ènìyàn. Mo ti rí ẹni tó sá irú rẹ̀ sóòrùn, tó tún ń tà á. Ìyẹn ò dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa.

Ti omi ńkọ́? Gbogbo omi kọ́ ló burú. Ọkọ̀ tó bá ń lo éésì máa ń kán omi tó mọ́, tó tutù, tí kò ní òórùn kankan. Ìyẹn kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n bí dírẹ́bà dánfó bá sọ fún yín pé omi éésì ni, ẹ bi í pé níbo ni éésì náà wà. Dánfó tí fèrèsé rẹ̀ kì í tì! Omi rédíétọ̀ ni ìyẹn. Bí wọ́n bá ra ojúlówó omi rédíétọ̀, á ní àwọ̀, ewéko ni tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí àwọ̀ ọsàn, òórùn rẹ̀ á máa dùn, á sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́ díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tàbí ewúrẹ́ dé ibi tó bá dà sí o, nítorí pé májèlé ló wà nínú rẹ̀, adùn yẹn ló sì ń tan ẹranko. Àwọn dírẹ́bà tiwa sábà máa ń da omi lásán sí i, omi náà á wá pọ́n bí omi tí wọ́n rẹ irin ìpẹtà sí. Ọkọ̀ tí omi rédíétọ̀ rẹ̀ ń jò á gbóná lójú ọ̀nà, á sì dá yín dúró sínú igbó lóru. Bó bá sì ti gbóná, ẹ sá fún ìdérí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí kọ́ńdọ́ sáré ṣí i. Omi tí wọ́n dé pa máa ń gbóná kọjá ibi tí omi ìkòkò ti ń hó, bí wọ́n bá ti ṣí i ni yóò tú jáde sí wọn lójú. Ẹ dúró kí ó tutù, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Ó kù nìyí fún ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ fúnra yín. Ẹ pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹ gba àjọ, ẹ ra bọ́ọ̀sì tàbí píkọ̀pù, ẹ fi lé dírẹ́bà lọ́wọ́, ó ń mú owó wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ́ńjìn ọ́ìlì lọ̀rọ̀ tiyín. Àwọ̀ rẹ̀ á jọ oyin nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́, á wá dúdú bí ó bá ti ṣiṣẹ́. Ó nípọn, ó ń yọ̀, ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì gan-an ló máa ń kán sí. Àwọn bọ́ọ̀sì Volkswagen àtijọ́, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wọn wà, ẹ̀yìn náà sì ni kí ẹ wò. Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, tí díẹ̀ ṣì ń rìn lójú títì, iwájú ni tirẹ̀. Bọ́ọ̀sì Toyota HiAce, abẹ́ ìjókòó iwájú ni, ìdí nìyẹn tí ìdí ẹni tó jókòó síbẹ̀ fi máa ń gbóná.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi bo ẹ́ńjìn ọ́ìlì tó ń jò mọ́ ọlọ́kọ̀ lójú kò ju kí wọ́n máa bù ú kún un láàárọ̀ lọ. Ó ń jò, wọ́n ń bù ú, wọn ò sọ fún yín, títí ọjọ́ kan tí wọn ò ní bù ú. Ọjọ́ yẹn ni ẹ́ńjìnnì máa nọ́ọ̀kì, wọ́n á wá máa sọ pé ayé ló ń ṣe yín. Ayé kọ́ o. Ọ́ìlì ló tán. Ẹ fa irin gééjì yọ fúnra yín láàárọ̀ kùtù kí wọ́n tó tan ọkọ̀. Ẹ fi àkísà nù ún, ẹ tì í padà, ẹ tún fà á yọ. Àmì méjì ló wà lára rẹ̀. Àárín àmì méjèèjì ló yẹ kí ọ́ìlì wà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, ohun tó wà láàrin àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ máa ń tó lítà kan, nítorí náà bí ọ́ìlì bá ti kúrò ní òkè dé ìsàlẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan, lítà kan ti lọ síbì kan. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ wo èéfín rẹ̀. Bó bá ń yọ bí àwọ̀ búlúù, inú ẹ́ńjìnnì ló ti ń jó ọ́ìlì náà. Bí ẹ bá sì ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí, tí ẹ rí ohun funfun tó dà bí mílíìkì tí wọ́n pò mọ́ tíì, ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ inú ọ́ìlì. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ náà jáde lọ́jọ́ náà, ẹ pe mẹkáníìkì kó wò ó.

Mẹkáníìkì á sọ pé rọ́bà síìlì tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ló ti bàjẹ́. Ẹ fi owó rọ́bà yẹn wé owó ẹ́ńjìnnì. Láti ìgbà tí owó bẹntiróòlù ti fò sókè ní 2023, tí ohun gbogbo sì tẹ̀ lé e, mo mọ̀ pé àtúnṣe ti di ohun tí àwọn dírẹ́bà ń sún síwájú. Mo bá wọn kẹ́dùn. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀, tí ẹ ń gba gbogbo owó ọ̀sẹ̀ láì dá kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún àtúnṣe, ẹ̀yin náà lẹ ń kọ́ dírẹ́bà láti máa purọ́ fún yín. Èyí lè dun àwọn kan. Kó dùn wọ́n díẹ̀.

Ọ́ìlì pupa, ti jíà ọ̀tòmátíìkì ni tàbí ti sítíárì. Ti jíà máa ń kán sí ààrin ọkọ̀, ti sítíárì sí iwájú, sítíárì náà á sì máa ké bí wọ́n bá ń yí i. Ọ́ìlì jíà onítẹ̀ máa ń nípọn, ó máa ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Omi bátìrì ńkọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, ó ń jó ara, ó ń jẹ aṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀, kó má jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fọ̀ dan tàn án. Wọ́n lè fọ̀ ọ́ nítorí ìmọ́tótó, wọ́n sì lè fọ̀ ọ́ kí ẹ má baà rí ibi tó ń jò. Ẹ ní kí wọ́n tan án, kí ẹ wà á fún bí wákàtí kan, kí ẹ padà wá gbé e dúró kí ẹ tó wo abẹ́ rẹ̀.

Bí a ó ṣe máa wò ó kò gba owó. Páálí ni. Páálí Indomie tàbí ti tòmátì alágolo tí a ń jù nù. Ẹ tú u, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn nígbà tí ọkọ̀ bá dé, ẹ máa ná ọjà yín lọ. Láàrin ìdajì wákàtí, ohun tó bá ń jò púpọ̀ á ti kán sí i. Ti ọkọ̀ tó jẹ́ tiyín, ẹ fi páálí sílẹ̀ di òwúrọ̀, èyí tí kò jò púpọ̀ náà á hàn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi wò ó. Ẹ má ṣáná, ẹ má gbé fìtílà sún mọ́ ọn. Ẹ sì má wọ abẹ́ ọkọ̀, pàápàá èyí tí wọ́n fi jáàkì gbé sókè. Ẹ kàn bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò.

Mo ti gbọ́ àwọn tó ní àwọn dírẹ́bà á bínú, wọ́n á ní a ń fojú olè wò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú. Nígbà tí wọ́n bá wá ra gàrí lọ́wọ́ mi, ṣe wọn kì í bù ú sẹ́nu ni? Mo sì ti gbọ́ àwọn tó ní owó ọkọ̀ máa wọ́n sí i bí a bá ń yan ọkọ̀. Ó lè wọ́n díẹ̀, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n àwa la pọ̀ jù nínú àwọn tó ń háyà wọn; bí gbogbo wa bá sọ ohun kan náà, ẹni tó ní ọkọ̀ gidi ni a ó máa pè, ẹni tí tirẹ̀ ń jò á lọ tún un ṣe. Àwọn kan tún ní ìjọba ló yẹ kó ṣe é. Àwọn Road Safety tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988 ń ṣe tiwọn, àwọn VIO náà ń ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n èmi ò tíì pàdé wọn ní ọjà oko ní aago márùn-ún ìdájí rí.

Ọ̀rọ̀ yìí ń bọ̀ wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a fọwọ́ sí ni mẹ́ta: kí àwọn tó ń di ẹrù máa fi páálí sábẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n tó gbé àpò kìn-ín-ní, kí a yan ènìyàn méjì-méjì lọ́jọ́ ọjà tí wọ́n á máa wo táyà àti búrẹ́ẹ̀kì, kí ẹni tó bá sì rí nǹkan, tó sì sọ ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á lẹ́nu mọ́ pé ilẹ̀ ń ṣú. Mẹkáníìkì kan tó mọ iṣẹ́ ti gbà láti wá fi ọ́ìlì kọ̀ọ̀kan hàn wá nínú ìgò, kí a fojú rí i, kí a gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó wá sọ ọ́ níbẹ̀. Páálí ti wà ní ìsọ̀ mi láti òní lọ, ẹni tó bá ń lọ oko kó wá mú.